Ta Ló Jẹ́rìí Ẹ? Ìwé-Ẹ̀rí àti Ọwọ́ Iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó

Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì l'Ékòó lóde òní, pàápàá iṣẹ́ alákòóso iṣẹ́ àkànṣe, èyí tí gbogbo wa ń pè ní project manager, lẹ́tà mẹ́ta kan wà tí ẹ ò ní pẹ́ rí: PMP. Ilé-iṣẹ́ kan á ní dandan ni kẹ́ ẹ ní in. Òmíràn á ní ẹni tó bá ní in ni àwọn máa kọ́kọ́ pè. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti sanwó ìdánwò á ní ẹni tí kò níwèé ò mọ̀ ju kó máa pariwo mọ́ lébìrà lọ. Ẹni tó ti ń darí iṣẹ́ láti ọdún mẹ́wàá á fèsì pé ìwé ò po kọnkéré rí.

Àwọn méjèèjì rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe tuntun rárá. Ó ti lé ní 130 ọdún tí Èkó ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí: bí mo bá fẹ́ fa iṣẹ́ ńlá lé ẹnìkan lọ́wọ́, kí ni mo gbọ́dọ̀ rí kí ọkàn mi tó balẹ̀? Ìdáhùn tí Èkó ń fún un ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, ìyípadà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó jèrè níbẹ̀ àti ẹni tó jìyà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìlú ṣe rí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, erékùṣù kékeré yìí pín sí oríṣiríṣi àdúgbò. Àwọn onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí Ìgà Ìdúngànrán wà títí dòní. Àwọn Sàró wà ní Olówógbowó. Àwọn Òyìnbó tò sí etí omi ní Marina. Àwọn Àgùdà sì wà ní Pópó Àgùdà, lágbègbè Campos, Bámgbóṣé àti Tòkunbọ̀. Orúkọ òpópónà yẹn gan-an sọ ìtàn wọn: àwọn tó ti òkun bọ̀ ni. Wọ́n ti ta àwọn tàbí àwọn òbí wọn sóko ẹrú ní Brazil àti Cuba. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa dì ní Bahia ní 1835, ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, bíbọ̀ wọn ò sì dáwọ́ dúró títí tí Brazil fi fòpin sí oko ẹrú ní 1888.

Wọn ò fi ọwọ́ òfo padà wá. Bírikìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà, alágbẹ̀dẹ wà. Ní Brazil, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń pè ní mestre. Ẹ má sì ṣe rò pé ẹni tó kàn mọ búlọ́ọ̀kù tò lásán ni mestre o. Òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé, òun ló ń ṣírò owó, òun ló ń mọ iye igi àti sìmẹ́ńtì tí iṣẹ́ máa gbà, òun ló ń kó lébìrà jọ, òun ló ń mọ ohun tó yẹ kó parí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilé bá yẹ̀, orúkọ ẹ̀ ló yẹ̀. Bí a bá gbé iṣẹ́ ẹ̀ ka iwájú ilé-iṣẹ́ ayé òde òní, project manager ni wọn máa kọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ wọn pọ̀ lórí erékùṣù náà. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni orúkọ wọn wà lára ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1880. Ní Kakawa, João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil nígbà tó wà lọ́mọdé, ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Water House, torí pé kànga inú ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń ra omi. Ní 1886, Balthazar dos Reis, káfíńtà ọmọ Àgùdà, fi tábìlì tó fọwọ́ ara ẹ̀ kàn ránṣẹ́ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní London, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ onídẹ.

Iṣẹ́ tó ṣàlàyé ìbéèrè wa jù lọ ni ti Mohammed Shitta. Olówó ni bàbá yìí. Sierra Leone ni wọ́n ti bí i, ó ṣòwò ní etí odò Ọya kó tó jókòó sí Èkó. Nígbà tó fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí sí Martins Street, owó ara ẹ̀ ló fẹ́ ná, orúkọ ara ẹ̀ ló sì máa wà lára ẹ̀. Ta ló máa gbé e fún? Ní 1891 tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sí COREN, kò sí ARCON, kò sí ẹgbẹ́ kankan ní Èkó tó ń fún àwọn tó ń kọ́lé ní ìwé-ẹ̀rí. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, Sanusi Aka sì ni igbákejì ẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1894, wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, lọ́yà tó di Mùsùlùmí ní Liverpool, wá ṣojú Sọ́tàn ilẹ̀ Tọ́kì, ó sì gbé oyè Bey tí Sọ́tàn fi ta Shitta lọ́rẹ wá. Látọjọ́ yẹn ló ti di Shitta-Bey. Mọ́ṣáláṣí ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ lónìí, wọ́n ṣì ń kírun nínú ẹ̀.

Kí ló wá dúró bí ìwé-ẹ̀rí fún da Costa? Nǹkan mẹ́ta ni. Èkíní, erékùṣù náà ò tóbi. Ẹni tó bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún bírikìlà lè fẹsẹ̀ rìn lọ wo ilé tó ti kọ́, kó bá ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ sọ̀rọ̀, kó bi í bóyá òjò ń wọlé. Èkejì, gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀gá ẹni ni ẹlẹ́rìí ẹni. Ẹ̀kẹta, kò síbi tó fẹ́ sá lọ. Ládùúgbò kan náà ni òun àti onílé jọ ń gbé, bó bá ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, àwọn ọmọ ẹ̀ ló máa gbọ́ ọ lójú títì. Àwọn àgbà máa ń sọ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tiẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ní Èkó ìgbà yẹn, iṣẹ́ gbẹ́nugbẹ́nu ò kéré: ẹnu wọn ló ń gbé orúkọ oníṣẹ́ kiri.

Ẹ tún wo Sanusi Aka. Lọ́dọ̀ da Costa ló ti kọ́ṣẹ́. Kò lọ jókòó fún ìdánwò kankan, àmọ́ ọdún mẹ́ta tó lò lórí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ni ìdánwò tiẹ̀. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Èkó fẹ́ kọ́ Mọ́ṣáláṣí Gbogboogbò, èyí tí wọ́n ṣí ní 1913, orúkọ ẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Irú àwọn ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti ọmọṣẹ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn, ló gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà kúrò l'Ékòó dé Ìjẹ̀bú-Òde, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Iléṣà. Bí ẹ bá rí ilé àtijọ́ níbẹ̀ tí òdòdó wà lára òpó ẹ̀ tí fèrèsé ẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ lókè, ìran iṣẹ́ Pópó Àgùdà lẹ ń wò yẹn.

Ẹ má jẹ́ ká wá fi ayé àtijọ́ ṣe ohun tí kò jẹ́ o. Ẹ̀rí ẹnu ní àìlera tiẹ̀. Bí o ò bá lẹ́ni tó mọ̀ ẹ́, o ò lẹ́nu níbẹ̀. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ò rí owó ìkọ́ṣẹ́ san, tàbí tí ọ̀gá ẹ̀ sọ di ọmọ ọ̀dọ̀, ó lè lo ọdún méje kó má gba fìrídọ̀mù. Àwọn obìnrin ò sì bá wọn dé ìdí iṣẹ́ yẹn rárá. Lékè gbogbo ẹ̀, ẹ̀rí ẹnu kì í rìn jìnnà. Orúkọ tó ń dún ní Martins Street ò túmọ̀ sí nǹkan kan fún àjèjì tó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ ní Marina. Ibẹ̀ ni ìwé ti wúlò. Ìwé-ẹ̀rí ni ẹlẹ́rìí tí àjèjì lè gbà gbọ́. Ohun tí àmì-ẹ̀yẹ London ṣe fún Balthazar dos Reis nìyẹn: ó jẹ́ kí ẹni tí kò fojú kàn án rí mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ dá.

Àmọ́ nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé ga ju ohun gbogbo lọ, ibòmíràn ló gbé e gbà. Ẹ wo Herbert Macaulay. Wọ́n bí i ní 1864. Samuel Ajayi Crowther ni bàbá ìyá ẹ̀, bàbá ẹ̀ ló sì dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ní 1881 ó wọ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ní 1890 wọ́n rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ àti ilẹ̀ wíwọ̀n, ó padà dé ní 1893, wọ́n sì fi í ṣe sọ́fíyọ̀ fún ilẹ̀ ìjọba. Ohun tí wọ́n ní kí ènìyàn ní, ó ní in. Ibi tí wọ́n ní kó lọ, ó lọ. Síbẹ̀, owó tí wọ́n ń san fún un ò tó ti Òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá iṣẹ́ sọ́fíyọ̀ tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ìwé-ẹ̀rí lè ṣílẹ̀kùn fún ọ, kó má sì sọ iye tí wọ́n máa san fún ọ nígbà tó o bá wọlé.

Ìmọ̀ yẹn ò ṣòfò ṣá. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Amodu Tijani Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú Privy Council ní London, Macaulay ló bá olóyè lọ, tó ń ṣe akọ̀wé àti ògbufọ̀ ẹ̀. Ẹni tó mọ bí ìjọba ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílẹ̀. Ní oṣù keje 1921, ilé ẹjọ́ dá Olúwa láre, owó gbà-má-bínú tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ sì jẹ́ £22,500. Ẹ ṣàkíyèsí irú ẹni tí olóyè gbà síṣẹ́ o: ó ní ìwé ìlú Òyìnbó, ó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Ìwé, ọwọ́ iṣẹ́, àti ẹ̀rí ìlú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sára ẹnìkan.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti Yábàá. Ní oṣù kìíní 1934, ìjọba ṣí Yaba Higher College. Inú àwọn òbí ì bá dùn, àmọ́ wọ́n wo inú ẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ máa lo ọdún púpọ̀ nílé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n máa kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀-ẹ̀rọ àti iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n á wá gba dìpúlómà tí kò níyì níbòmíràn yàtọ̀ sí Nàìjíríà. Igbákejì ni ìwé yẹn máa sọ wọ́n dà: igbákejì dókítà, igbákejì onímọ̀-ẹ̀rọ, lábẹ́ Òyìnbó. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ kó wọn jọ. Ní 1936 ẹgbẹ́ náà di Nigerian Youth Movement, ní 1938 ó sì fìdí ẹgbẹ́ Macaulay fúnra ẹ̀ rẹmi nínú ìbò Èkó. Ó yẹ ká rántí èyí dáadáa: ìjà lórí bí ìwé-ẹ̀rí ṣe níyì tó wà lára ohun tó bí òṣèlú àwọn ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà. Wọn ò jà pé ìwé ò dára. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó ń tẹ ìwé lè tẹ òrùlé lé ọ lórí pẹ̀lú ẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, àwa fúnra wa la bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Òfin tó dá ARCON sílẹ̀ fún àwọn ayàwòrán ilé jáde ní 1969, ti COREN fún àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ tẹ̀lé e ní 1970. Ọdún 1969 yẹn kan náà ni wọ́n dá PMI sílẹ̀ ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Ní 1984 ni àwọn wọ̀nyẹn kọ́kọ́ ṣe ìdánwò PMP. Lónìí, Nàìjíríà náà ti ní ẹgbẹ́ àwọn alákòóso iṣẹ́ àkànṣe tí òfin gbé kalẹ̀, ìyẹn Chartered Institute of Project Managers of Nigeria.

Ẹ wá wo ohun tí PMP ń béèrè kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó ṣèdánwò. Ẹni tó ní digírì gbọ́dọ̀ ti darí iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ka ìwé girama nìkan gbọ́dọ̀ ti ṣe é fún ọdún márùn-ún. Wọ́n sì máa ń ṣa àwọn kan jáde, wọ́n á ní kí ọ̀gá tí wọ́n ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ fọwọ́ síwèé pé lóòótọ́ ni. Ṣé ẹ rí i? Ìbéèrè Pópó Àgùdà nìyẹn: ta lọ̀gá ẹ, kí lo sì bá a ṣe? Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa náà sì ti gbé ọ̀nà tiwọn wá pàdé ìwé. Bí ọmọṣẹ́ bá gba fìrídọ̀mù l'Ékòó lónìí, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì gbé sátífíkéètì ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́ níwájú ìlú. Ẹ̀rí ẹnu àti ẹ̀rí ìwé, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé wà nínú ẹ̀ wó ní Ìta Fájì, lórí Erékùṣù Èkó gan-an. Ènìyàn bíi 20 ló kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Wọ́n ti kọ àmì sára ilé náà tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ ní wíwó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Lẹ́yìn ìgbà náà ni gbogbo ayé rí lẹ́tà kan tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ kan ti kọ ní 2020, pé àwọn yọwọ́ nínú iṣẹ́ yẹn. Lẹ́tà yẹn ló fi ohun tí ìwé-ẹ̀rí wà fún hàn mí ju ohunkóhun lọ. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ní nǹkan tó lè pàdánù. Torí pé ó ní nǹkan tó lè pàdánù, ó lè sọ fún olówó pé, "Rárá, mi ò ní fọwọ́ sí i." Ọ̀gá bírikìlà ní 1891 ní orúkọ ẹ̀ láti dáàbò bò. L'Ékòó òde òní tí onílé, oníṣẹ́ àti ayálégbé ò mọ ara wọn rí, nǹkan gbọ́dọ̀ rọ́pò orúkọ yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gba ènìyàn síṣẹ́ lọ́la, àti ẹ̀yin tí wọ́n máa gbà, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Bí iṣẹ́ náà bá lè pa ènìyàn, ẹ má gbé e fún ẹni tí kò níwèé àṣẹ tí òfin mọ̀. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, bíi kí wọ́n ṣe áàpù fún báńkì tàbí kí wọ́n ṣètò ọjà káàkiri ìpínlẹ̀, ẹ jẹ́ kí PMP jẹ́ ẹ̀rí kan láàárín ẹ̀rí púpọ̀. Ẹ béèrè iṣẹ́ tó parí àti èyí tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ pe ẹni tó bá a ṣe é lórí fóònù. Ẹ bi í léèrè ìgbà tó sọ "rárá" fún ọ̀gá ẹ̀. Torí ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni owó ìdánwò yẹn, owó tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọṣẹ́ ní Òkè Àrìn àti Ìdúmọ̀tà ò lè rí san. Bí ẹ bá fi ìwé nìkan ṣe ilẹ̀kùn, ohun tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọ Yábàá ní 1934 lẹ̀ ń ṣe fún wọn, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí, àwa la di kọ́kọ́rọ́ mú.

Ìwé fúnra ẹ̀ nílò ènìyàn tó máa dúró tì í. Ní Tinúbú Square, ilé Àgùdà kan wà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855. Alfred Ọmọ́lọ́nà Ọláìyá rà á ní 1933, ó di Ilọ́jọ̀ Bar. Ní 1956 ìjọba fún un níwèé pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wó o. Ìwé ọ̀hún pé 60 ọdún, wọ́n sì wó ilé náà lulẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016. Ó di 2013 kí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó gba irú ìwé kan náà. Ó ti lo ọdún 119 kí ìwé tó dé bá a. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn tó ń kírun níbẹ̀ ló ń tún un ṣe.